Ọdún tí ọjà wọ kíláàsì kìíní

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi bọ̀ mọ̀ pé oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń tò bí ọdún bá ti ń lọ sópin. Ti 2025 yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọyẹ́ mú, ní oṣù karùn-ún òrùlé kíláàsì wa jò, wọ́n sì ti tún un ṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí tó dáwó. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ rántí, inú oṣù keje ni mo ń bá a. Ọjà tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mi fi ṣeré kọ́ ìṣirò ló gba ọdún náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ ti mọ Màmá Ìjerò, olùkọ́ kíláàsì kejì wa. Kò sí eré kan tí à ń fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì mi tí kò ti ọwọ́ wọn wá. Àwọn ni wọ́n là mí lójú pé ọmọ ọdún mẹ́fà kì í fi ojú nìkan kàwé, tẹsẹ̀ tọwọ́ ló fi ń kà á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà gàdàgbà-gadagba sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí màá pe ìró, tí ọmọ á fò lé e lórí. Bí mo bá pe ẹ, á fò sórí e, á sì yára fi ìdérí ìgò kan sábẹ́ rẹ̀. Nínú lẹ́tà 25 tí a ní, mẹ́ta péré ló ń gba ìdérí: ẹ, ọ àti ṣ. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìdérí sábẹ́ ọ kì í gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ mọ́ tó bá gba pẹ́ńsù.

Ti ohùn wà lára gbogbo wa: ọwọ́ lórí fún mí, ọwọ́ láyà fún re, ọwọ́ lórúnkún fún dò. Màá ní "igbá", wọ́n á fọwọ́ kan àyà, wọ́n á fọwọ́ kan orí. Màá ní "ìgbà", gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́ orúnkún lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbá ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé láti orúnkún ni wọ́n ti ń fò sókè dé orí, ariwo rẹ̀ a sì máa dé ọ́fíìsì ọ̀gá.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti àwòrán ilé. Mo gbé e sókè pé kí wọ́n sọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdajì kíláàsì pariwo "u", torí ulé ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn. Ìwé ní i ni. Màmá Ìjerò ní kí n ya àwòrán náà ní méjì, kí n lẹ ọ̀kan mọ́ abẹ́ i, kí n lẹ èkejì mọ́ abẹ́ u, kí n sì sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá wọn kò ṣì í pè, ìwé náà kò sì purọ́. Méjèèjì ṣì wà lára ògiri.

Ìṣirò ló wá dá wa dúró. Ọpọ́n ayò ti bá wa yanjú pípín: ojú 12, ọmọ mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ọmọ 48 lórí ọpọ́n. Kí ọmọ pín in dọ́gba-dọ́gba kò le. Yíyọ ló le. Ọmọ á ka oókan dé ẹẹ́rìnlá bí omi, tó bá dé ibi tí orúkọ òǹkà ti ń yọ kúrò nínú ogún, ahọ́n á dí. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà, ẹ rántí rẹ̀, abẹ́ àga ló máa ń wọ̀ lọ tí mo bá ti mú ìwé ìṣirò jáde.

Màmá Ìjerò wò ó títí, wọ́n wá sọ fún mi pé: "Lọ dúró ní Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́, kí o wo àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn tajà. Ta ló kọ́ wọn ní ṣéńjì?" Bí ọjà ṣe wọ kíláàsì nìyẹn.

Amọ̀ la fi mọ ọjà púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣu ni wọ́n kọ́kọ́ mọ, àbí kí ni ọmọ Èkìtì ì bá kọ́kọ́ mọ? Iyanrìn inú agolo mílíìkì di èlùbọ́, ewé ẹ̀yìn ilé-ìwé di ẹ̀fọ́, ìdérí ìgò sì di owó. Ẹ̀pà nìkan ni ojúlówó, Ìyá Ẹlẹ́pà ló fi ránṣẹ́. Òfin ọjà náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sílẹ̀, ẹnu àti ọwọ́ ni kí á fi ṣírò.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìjà ló pọ̀ jù. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ fẹ́ ta á ní ogún, gbogbo ọjà sì kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti ń ná ọjà. Ọmọbìnrin tó ń ta èlùbọ́ ń fún gbogbo èèyàn ní èènì títí ọjà fi tán lọ́wọ́ rẹ̀ láìrí owó tó jọ ọ́. Ó ní bí òun kò bá fún wọn léènì, wọn kò ní padà wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń ka èènì mọ́ ọjà kó tó dá iye lé e. Èmi kò kọ́ ọ. Àdánù ló kọ́ ọ.

Ọ̀gá wa wọlé, wọ́n fẹ́ ra iṣu, wọn kò ní ìdérí lọ́wọ́. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà, tí a fi ṣe oníṣu, wo ojú wọn tààrà: "Kò sí àwìn lónìí, sà." Ọ̀gá jáde lọ wá ìdérí ní ilé ìtajà iwájú ilé-ìwé. Wọ́n padà wá pẹ̀lú ogún. Ìdérí mẹ́tàdínlógún ni iṣu náà. Ọmọ tó ń sá wọ abẹ́ àga gba ogún, kò ka ìka, kò wo òkè, ó da mẹ́ta padà sọ́wọ́ ọ̀gá.

Mo bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yà lẹ́nu: "Àǹtí, ẹẹ́tàdínlógún kọ́? Ẹ̀ta ló dín."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka òǹkà fún ọmọ, ẹ̀ta tó dín náà ń bẹ nínú orúkọ tí mo ń pè. Ọjà ló jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ. Màmá Ìjerò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó tún un sọ kí gbogbo ọjà gbọ́, kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké e: eéjìdínlógún, èjì ló dín! Oókàndínlógún, ọ̀kan ló dín! Mo jáde lọ síta láti nu ojú mi.

Bàbá kan wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Òun fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sí àmì pẹ́ńsù pupa kankan nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Eré kọ́ ni òun ń san owó bọ́ọ̀sì fún. Mo gbọ́ ọ yé. Owó kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí. Ọmọ rẹ̀ ló ké sí i láti ìdí ẹ̀fọ́ pé, "Dádì, ẹ wá ra tiwa." Ó rà á, ó ka ṣéńjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pé. Ó ní kí iṣẹ́ àṣetiléwá ó ṣáà wà. A fún wọn: ẹ ka iṣu tó wà nílé yín, kí ẹ sọ iye tó kù kí ó pé ogún.

Màmá Ìjerò kò wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Púpọ̀ nínú yín ló bá wa dé Ìjerò, ẹ ṣeun, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ san án. Aṣọ tí wọ́n fi ń nu pátákó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mi ò tíì lè lò ó, mi ò sì tíì lè fún ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ bi mí bóyá àwọn ọmọ kíláàsì kìíní wà ní ọ̀run tí Màmá á máa kọ́. Kí n tó rí ẹnu dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti dáhùn: "Wọ́n wà o, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ní ìdérí tó pọ̀ tó tiwa." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn mọ níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà èdè ọdún 2022 tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa lò láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Ó dùn mí, n kò ní fi bò. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Màmá Ìjerò ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mi ò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Gẹ̀ẹ́sì ń fi èje kún ẹ̀wá kó tó pe 17, ó dára kí ọmọ mọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lábẹ́ àga, èdè ìyá rẹ̀ ló jáde wá pàdé.

Àwọn ọmọ ọjà ti gòkè lọ sí kíláàsì kejì, yàrá Màmá. Kọ́pà kan ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ní kí n kọ́ òun ní ayò, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. N kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ tó bá parí ìsìnlú rẹ̀, torí náà mò ń fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ hàn án kíá.

Àwọn tuntun tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án pọ̀, ariwo wọn sì ju ti àwọn ará iwájú lọ. Mi ò ní dúró de oṣù keje mọ́. Ní ìlàjì sáà kejì ni a máa ná ọjà tiwọn, a ó sì fi télọ̀ kún un, kí wọ́n lè máa fi téèpù wọn ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adó àti àyíká, ẹ bá mi kó ìdérí ìgò jọ ní àsìkò ọdún yìí. Ẹ mọ̀ pé yóò pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ayò, mo fẹ́ ẹ. Ti agolo mílíìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkúta lu etí rẹ̀ wọlé kí ẹ tó kó o wá, kí ó má baà gé wọn lọ́wọ́.