Ihò Lára Ẹ̀fọ́

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá

Òjò àrọ̀kúrò tún rọ̀ lóru àná. Kò pọ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ bàtà mi kí n tó dé ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í já a, torí bí oòrùn bá bá a lóko, á ti rọ kó tó dé ọjà Bódìjà n'Íbàdàn. Ìdì 40 ni mo rí dì. Mo wọ́n omi sí i, mo fi àpò tútù bò ó.

Ìyá tó máa ń rà á lọ́wọ́ mi mú ìdì kan, ó nà án sí oòrùn, ó ń wò mí láti inú ihò ewé.

"Àǹtí, ẹ̀fọ́ yín mà tún lu! Àbí ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, kòkòrò tó jẹ ẹ́ kò kú o, torí mi ò fọ́n oògùn oníkẹ́míkà sí i. Ohun tí mo ń tà gan-an nìyẹn."

Ó ní àwọn oníbàárà òun kì í ra àlàyé, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń rà. Ló bá yọ ₦50 lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Mo gbà, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣé kí n gbé ẹ̀fọ́ padà sílé ni? Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Títí tí mo fi dé Mọ́níyà ni mo ń ṣírò ₦2,000 yẹn nínú ọkọ̀.

Ìdí ààtàn tí mo fi ń ṣe ajílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà lọ bí mo ṣe dé oko. Igi kan wà tí mo máa ń kì bọ àárín rẹ̀. Mo fà á yọ, mo di ṣóńṣó rẹ̀ mú, kíá ni mo jù ú sílẹ̀. Ó gbóná! Ó ń jẹrà nìyẹn. Inú mi bá dùn díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo to ààtàn yìí: koríko gbígbẹ nísàlẹ̀, ewé jogbo lé e, ìgbẹ́ adìyẹ lé e, eérú díẹ̀, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí koríko. Jogbo yìí náà ni yóò pọ́n bí ìyeyè létí títì lóṣù tó ń bọ̀, táwọn èèyàn á máa dúró ya fọ́tò níwájú rẹ̀ láìmọ̀ pé ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo ti ṣọ́bìrì bọ ààtàn, mo yí i, ooru rú jáde bíi ti ìkòkò ẹ̀kọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, mi ò ní sùúrù fún èyí. Mo da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ata ní tààrà, ó sì jó poro mẹ́fà ráúráú.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti kọ́kọ́ rí irú ààtàn báyìí, ní oko Songhai tí Bàbá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná níbẹ̀, omi inú adágún ẹja ń lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo dé, mo fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ lóṣù kan. Ọdún kẹfà rèé, ààtàn nìkan ló tíì yé mi.

Bàbá tí oko wa jọ pààlà ń kọjá lọ, ẹ̀rọ oògùn koríko wà lẹ́yìn wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ilẹ̀ lo tún ń sè yẹn?"

Lọ́dún kejì, atẹ́gùn gbé oògùn wọn wá sórí ewédú mi, gbogbo rẹ̀ ló kú. Àwọn fúnra wọn ló gbé iṣu méjì wá bẹ̀ mí. Àtìgbà náà ni mo ti gbin ewé tíì sí ààlà, àárọ̀ kùtù kí atẹ́gùn tó dìde ni wọ́n sì ń fọ́n tiwọn.

Nígbà àkọ́rọ̀, àgbàdo ló rí ìjà. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tó wọ Nàìjíríà ní 2016 yẹn, inú ọkàn àgbàdo ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí. Èmi àtàwọn ọmọ po eérú mọ́ yanrìn, a ń bù ú sí ọkàn àgbàdo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta la rí gbà là. Bó bá tún di oṣù méjì sí i, ọyẹ́ á dé, kànga á fà, poro méjì ẹ̀gbẹ́ kànga nìkan ni n ó lè bomi rin, lábẹ́ koríko gbígbẹ. Ìgbà náà gan-an ni ìyá Bódìjà á máa pè mí lórí fóònù láago márùn-ún ìdájí. Kì í na ewé sí oòrùn lóṣù Kejì.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sẹ́ ewé dóńgóyárò tí mo gún rẹ sómi lánàá, mo bu ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí i, mo fọ́n ọn sára ẹ̀fọ́. Oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ìdí tí mo fi ń dúró de ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, ó máa ń mú ewé korò lẹ́nu wọn. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn ìkorò.

Mo kọ òjò àná sínú ìwé mi. Mo wá lọ já ẹ̀fọ́ tí a ó fi jẹ àmàlà. Ọmọ mi obìnrin ló gbé iná dání fún mi. Ó wò mí títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo bojú wo inú igbá: gbogbo èyí tí mo já, kò sí ihò kan lára wọn.