Ẹ̀rí Ìdúpẹ́: Mo Ti Kúrò Lábẹ́ Àṣẹ Wọn

Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè tí kò jẹ́ kí ọkàn mi dàrú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, lọ́wọ́ ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa, lọ́wọ́ gbogbo agboolé wa ní Ìlódè, àti lọ́wọ́ ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ bá mi gbé ẹrù yìí títí a fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ti kúrò pátápátá nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà kan tí mo wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara mi sì ti bọ̀ sípò. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà tàbí ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀, nítorí àwọn tí mo fẹ́ràn ṣì kù lẹ́yìn, n kò sì fẹ́ kí ẹnu mi kó wọn sí ìyọnu.

Kí n tó sọ ohun tí ó lé mi jáde, ó yẹ kí n sọ ohun tí ó mú mi wọlé, nítorí oore kì í ṣe ohun tí à ń sẹ́. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, oorun dá lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí yàrá òkè kan nítòsí Lágeré, níbi tí àwọn ènìyàn díẹ̀ ti ń jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń fi ọkàn bá èémí wọn lọ. Wọ́n kọ́ wa nípa Siddhartha Gautama, tí a mọ̀ sí Búdà, ẹni tí a bí ní Lumbini ní ilẹ̀ Nepal, tí ó fi ọrọ̀ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì là sí òtítọ́ lábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n kọ́ wa pé ìyà ní ohun tí ń fà á, àti pé bí a bá mú ohun tí ń fà á kúrò, ìyà náà yóò dópin. Ẹ̀kọ́ yìí tù mí nínú, oorun sì padà sí ojú mi. Títí di òní ni mo ń ṣe àṣàrò ní ìdájí kí n tó lọ ṣí ìsọ̀ mi, n kò sì rí ìdí tí n ó fi jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ ohunkóhun fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n máa sọ ohun tí ó bá wá sí mi lọ́kàn nígbà àṣàrò fún olórí ẹ̀ka wa, kí ó lè tọ́ mi sọ́nà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa rọ́ àlá mi. Lẹ́yìn náà, ó kan ohun tí èmi àti ọkọ mi bá bá ara wa sọ nínú yàrá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun níbi tí olùkọ́ àgbà wà, mo sì wá gbọ́ pé wọ́n ń kà á sétí àwọn mìíràn. Kí n tó rìnrìn àjò, mo gbọ́dọ̀ gbàyè. Kí n tó ná owó tó bá pọ̀ díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gbàyè. Ní ọdún tí àbúrò bàbá mi papò dà, ìpàdé ìyàsọ́tọ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, wọ́n sì sọ fún mi pé ẹkún ẹbí jẹ́ ìdè tí mo ní láti já. Wọ́n ní kí n má jáde lọ wo Ọlọ́jọ́ mọ́. Èmi ọmọ Ifẹ̀, tí wọ́n ń pọ̀n lọ sí Òkè-Mògún láti kékeré láti wo Ọọ̀ni pẹ̀lú adé Ààrẹ lórí, ni wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ ọdún Ọlọ́jọ́! Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Owó kọ́ ni olórí ìṣòro, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé à ń dá a lóṣooṣù, tí a sì tún ń dá òmíràn nígbàkígbà tí olùkọ́ bá ń bọ̀ ní Áfíríkà. Olórí ìṣòro ni pé kò sí ìbéèrè kan tí ènìyàn lè béèrè tí kò ní di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Bí o bá béèrè ibi tí owó wọlé sí, wọn yóò ní ọkàn rẹ tí kò tíì mọ́ ni ó ń ro owó. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ sọ kò yé ọ, wọn yóò ní ìgbéraga ni. Bí o bá sì ní ó rẹ̀ ọ́, wọn yóò ní kí o fi kún iṣẹ́ rẹ. Arábìnrin kan kọ̀ láti fi ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀sẹ̀ ìyàsọ́tọ̀. Wọ́n mú un dúró láàárín ìpàdé, wọ́n sì ń ka àléébù rẹ̀ sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi bú sẹ́kún. Wọ́n pe ìyẹn ní àánú.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ́ dé. Nínú irú ẹ̀sìn Búdà tí ó ti ilẹ̀ Tibet wá, ẹ̀jẹ́ kan wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní samaya. Àwọn tiwa ní ẹni tí ó bá ti jẹ́ ẹ, tí ó sì tún rí àléébù lára olùkọ́, yóò lọ sí Avici, ọ̀run àpáàdì tí ó jìn jù lọ nínú ẹ̀sìn náà, àti pé àìsàn yóò ja àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ ronú láti kúrò gan-an ni ibà dá àbíkẹ́yìn mi dùbúlẹ̀. Ibà tí gbogbo wa mọ̀ ni, oògùn sì wò ó sàn, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù tí ó bà mí lóru ọjọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó ba ẹnikẹ́ni nínú yín. Oorun tún dá lójú mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n níwájú oníbàárà.

Inú ẹ̀kọ́ Búdà fúnra rẹ̀ ni ohun tí Olódùmarè fi yọ mí ti wá, ìyẹn sì mú kí ọpẹ́ mi pọ̀ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé àtijọ́ ẹ̀sìn náà láìdúró de ìtumọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo kà pé àwọn ará Kalama ní ìlú Kesaputta bi Búdà léèrè èwo ni kí àwọn gbà gbọ́ nínú àwọn olùkọ́ tí ń kọjá ní ìlú wọn, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gba ọ̀rọ̀ kan kìkì nítorí pé àṣà ni, tàbí pé ó wà nínú ìwé, tàbí pé olùkọ́ wọn ni ó sọ ọ́. Bí àwọn fúnra wọn bá mọ̀ pé ohun kan ń pa ènìyàn lára, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo kà pé nígbà tí ikú rẹ̀ súnmọ́lé, ó sọ fún Ananda, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pé òun kò fi ẹ̀kọ́ kankan pamọ́ sọ́wọ́, kò sì yan ẹnì kan láti jẹ olórí lẹ́yìn òun. Ní Thailand, ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa di mọ́ǹkì, ìyẹn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì padà sílé láìsí ẹni tí ń fi wọ́n gégùn-ún. Àwọn olùkọ́ Tibet àtijọ́ pàápàá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ olùkọ́ wò fínnífínní kí ó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ ọdún 12. Ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi mú àwa jẹ́ tiwa.

Mo tún rí i pé ní ọdún 1993, ní Dharamsala ní ilẹ̀ Íńdíà, Dalai Lama, aṣáájú ẹ̀sìn Búdà ti ilẹ̀ Tibet, sọ fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n wá láti ilẹ̀ òyìnbó pé bí olùkọ́ kan bá ń hùwà àìtọ́, tí kò sì gbọ́ ìkìlọ̀, kí a kéde rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn mẹ́jọ tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́yìn Sogyal Rinpoche, olùkọ́ Tibet tí ó lókìkí ní Yúróòpù, kọ lẹ́tà sí i nípa lílù àti ìwà àìtọ́ mìíràn. Ó fi ipò olórí sílẹ̀ lọ́dún náà, ìwádìí agbẹjọ́rò tí ó jáde ní 2018 sì fìdí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn wọn tán, mo sunkún ayọ̀. Orí mi kò dàrú. Àwọn mìíràn ti rí ohun tí mo rí.

Mo kọ lẹ́tà ìkúrò, mo sì dá ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ wọn padà. Àwọn aṣáájú kan wá bá mi nílé pẹ̀lú ìwé tí mo ti fọwọ́ sí nígbà kan rí, wọ́n ní òfin yóò mú mi. Ìyá mi ni ó dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i, n kò sì gbé orí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mú dání." Agbẹjọ́rò kan ní ìjọ ìyá mi, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ka abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wọn, èyí tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Wọn kò tún wá mọ́. Wọ́n kàn ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má kí mi ni, ìyẹn sì dùn mí ju ìhàlẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí a jọ ń jókòó ṣe àṣàrò a máa gbójú kúrò bí a bá pàdé lọ́jà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tí ó tọ́jú mi tí kò fi ẹ̀sìn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji aládùúgbò wa tí ó ń kí mi láràárọ̀, àti lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa babaláwo ní Òkè-Ìtasẹ̀ tí ó rán mi létí pé kò sí òòṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí n wá sọ́dọ̀ tòun. Mo ti bá ọ̀rọ̀ "gbàyè" gbé pẹ́ débi pé ìwà wọn yìí yà mí lẹ́nu gidi.

Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù yìí ni a ó ṣe ìdúpẹ́ nílé wa ní Ìlódè, gbogbo yín ni mo pè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú ẹgbẹ́, mo pe ẹ̀yin náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n rí yín lọ́sàn-án, ẹ wá lálẹ́. N kò ní bi yín ní ìgbà tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ wá. Agbẹjọ́rò wa yóò wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní ìwé tí ó fẹ́ fi hàn án, oúnjẹ yóò sì pọ̀.