Àwọn ọwọ́ tó ń ra ẹsẹ̀ Wilma

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì, irin ẹsẹ̀ mi á máa dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ni mí nígbà tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú mi lẹ́sẹ̀ òsì. Màámi á pọ̀n mí, á fi irin náà sínú báàgì, ó di ilé ìwòsàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ka ìwé Wilma Rudolph, obìnrin eléré ìje ará Amẹ́ríkà, kí omi má bọ́ lójú mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú ìwé náà, ọdún 1977 ló jáde. Ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1940. Ọmọ 22 ni bàbá rẹ̀ bí, méjì péré ló kẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì lòun náà. Ilé ìwòsàn tó ń gba aláwọ̀ dúdú wà ní Nashville, ó tó kìlómítà 80 sí Clarksville tí wọ́n ń gbé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé e lọ, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì sì ni wọ́n ń jókòó, torí wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó níwájú. Ìyá yìí kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 12, ó ti bọ́ irin sílẹ̀.

Bí iná bá lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Abẹ́òkúta, a máa ń fọwọ́ gán etí aṣọ. Ìgbà yẹn ni mo máa ń kà á fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi, tí mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo kọ́kọ́ fò lọ síbi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ nípa Róòmù, 1960: àmì ẹ̀yẹ wúrà 3 nínú ìdíje Òlíńpíìkì kan ṣoṣo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sọ bó ṣe kọ̀ láti wá síbi ayẹyẹ tí ìlú rẹ̀ fẹ́ ṣe fún un bí wọ́n bá máa ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, tí wọ́n sì jọ jókòó pọ̀ níkẹyìn. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ò gbójú sókè. Ọmọ ọdún 19 ni, oyún ló mú un kúrò nílé ìwé.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sẹ́yìn nínú ìwé náà, mo ka ibi tí Wilma ti lóyún nílé ìwé girama, tó bí ọmọbìnrin ní 1958. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ọmọ yìí.

"Aǹtí, ṣé ọmọ ti wà nílẹ̀ nígbà tó lọ sáré ní Róòmù?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọdún méjì.

"Ta ló wá ń bá a tọ́jú ẹ̀?"

"Ìyá ẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Àwọn tó ń bá a ra ẹsẹ̀ yẹn náà?"

"Àwọn náà ni."

Láti ọjọ́ yẹn, inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi Wilma gba ọ̀dọ́ níyànjú pé kó ṣáà tẹra mọ́ṣẹ́. Ẹsẹ̀ tèmi ò padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ títí dòní, bẹ́ẹ̀ Màámi ò sì ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ra ẹsẹ̀, gbogbo wa la ní in.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọ iṣẹ́ mi yẹn gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà àkọ́kọ́. A tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Tó bá ti di aago 4, ìyá rẹ̀ á gba lẹ́sìn WAEC lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí tiẹ̀ nínú wa á sì pọn ọmọ.