Ohun tí ẹ lè rí kọ́ lára Frank Kameny

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn nínú iṣẹ́ ìjà fún ẹ̀tọ́, ẹ má kàn há orúkọ Frank Kameny sórí, ará Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ẹ wo bó ṣe ṣiṣẹ́.

Onímọ̀ ìràwọ̀ ni, Harvard ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1956. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn ológun Amẹ́ríkà lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, torí wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin ló ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló panu mọ́. Òun pẹjọ́. Ó fìdí rẹmi ní ilé ẹjọ́ méjì, agbẹjọ́rò rẹ̀ yọwọ́, ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 1961, wọ́n ní àwọn ò ní gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wo àwíjàre tó kọ: kò tọrọ àánú rárá. Ó ní kí ìjọba fìyà jẹ èèyàn torí irú ẹni tó ń fẹ́ kò sàn ju kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ torí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn lọ. Ẹni tó bá ń tọrọ àánú ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, òun àti Jack Nichols dá Mattachine Society of Washington sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n wọ́de níwájú ilé ààrẹ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1965, èèyàn 10 péré ni wọ́n. Òfin tí Kameny ṣe fún ìwọ́de le: súùtù àti táì fún ọkùnrin, gáùn fún obìnrin, kí ìkọ̀wé ara páálí dán mọ́rán, kí ẹgbẹ́ sì ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń bèèrè, ó sì fẹ́ kí wọ́n jọ òṣìṣẹ́ ìjọba lójú ẹni tó bá rí wọn.

Òfin kan náà dá wàhálà sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1969, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rògbòdìyàn Stonewall ní New York, níbi tí irú wọn ti kọjú ìjà sí ọlọ́pàá tó ya wọ ilé ọtí wọn, obìnrin méjì di ara wọn lọ́wọ́ mú nínú ìwọ́de ní Philadelphia. Kameny já ọwọ́ wọn. Inú bí àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì jàre lójú tiwa. Ìlànà tó wúlò fún èèyàn 10 ti há jù fún wọn. Ẹ máa padà yẹ òfin ẹgbẹ́ yín wò.

Àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba yí òfin tí wọ́n fi ń lé irú Kameny kúrò níṣẹ́ padà ní 1975. Ní 2009, John Berry, ọ̀gá àjọ tó rọ́pò rẹ̀, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kameny ní gbangba. Ẹ̀rí gbogbo èyí wà nílẹ̀ torí Kameny kì í da ìwé nù: ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà rẹ̀ ló wà ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, báyìí, páálí ìwọ́de rẹ̀ sì wà ní Smithsonian, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Ẹ kọ déètì sórí gbogbo lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ so èsì tó bá dé mọ́ ọn. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ yín gan-an ni kẹ́ ẹ tọ́jú jù, torí òun ló ń fi hàn pé ìjọba ló ṣe é, àti ìdí tí wọ́n fi ní àwọn ṣe é.