Ìfẹ́ ìjọ tó dé ojúlé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bá a mu jù ni inú ìjọ, níbi tí a ti ń wàásù ìfẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ìyá àgbà kan ti pa ìsìn jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì béèrè rẹ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀dájú ló ń fà á. Kálukú rò pé ẹlòmíì ti lọ ni.

Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Wọ́n ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì. Nígbà tí ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwàásù lórí ìfẹ́ làwọn àpọ́sítélì fi dá wọn lóhùn. Ọkùnrin 7 ni wọ́n ní kí ìjọ yàn, kí iṣẹ́ náà lè ní àwọn tó ń bójú tó o. Orúkọ Gíríìkì sì ni àwọn méjèèje ń jẹ́, tó fi jọ pé àárín àwọn tó ń ráhùn gan-an ni wọ́n ti mú wọn. Èmi gbà pé bó ṣe yẹ nìyẹn: tó bá jẹ́ àwọn opó ló ń ráhùn, kí opó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọ máa yàn láti bójú tó àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́.

Èèyàn 3 sí 5 tó fún ìgbìmọ̀ náà. Kí pásítọ̀ mọ̀ sí i, àmọ́ kó má di iṣẹ́ rẹ̀, torí ọjọ́ tó bá rìnrìn àjò ni gbogbo rẹ̀ máa dúró. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó lè pa àṣírí mọ́. Ọ̀làwọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn máa ń lé àwọn tó wà nínú ìṣòro sá ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kan, kí ẹ fa ilà sí i: ọjọ́ tí a gbọ́, ohun tí ẹni náà nílò, ẹni tó máa lọ, ohun tí a ṣe, ọjọ́ tí a máa padà lọ. Ilà ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọ kì í ní, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ẹ wo ilé ọ̀fọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àyè ìjókòó kì í tó. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, opó yẹn àti ògiri ló ń wo ara wọn. Torí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ikú ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ ìbẹ̀wò tó ń bọ̀ sílẹ̀: ọ̀sẹ̀ 2, ọ̀sẹ̀ 6, oṣù 3, àti àyájọ́ ọdún kan.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ ká yé sọ: "Tí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí." Ó dùn létí, àmọ́ ṣe ló dá iṣẹ́ padà sọ́rùn ẹni tí kò ní okun. Ẹ sọ pé, "Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́rin, láti wá bá yín fọ aṣọ. Ṣé aago yẹn rọ̀ yín lọ́rùn?"

Tẹ́ ẹ bá ń lọ wo aláìsàn, ẹ pè kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ lọ ní méjì-méjì, kẹ́ ẹ má sì lò ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ dúró sílé. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ wo ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa: ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò tíì sùn láti àná. Kí ẹnì kan bá a jókòó ti aláìsàn fún wákàtí 2 kó lè sùn. Nígbà míì, ìyẹn ṣàǹfààní ju owó lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Pọ́ọ̀lù ò dá gbé owó àwọn aláìní. Nínú 2 Kọ́ríńtì 8, ó rán àwọn mìíràn mọ́ ọn kẹ́nikẹ́ni má bàa fẹ̀sùn kàn án. Kí èèyàn 2 máa ka owó, kí 2 máa fọwọ́ sí i. Ẹ dá iye kékeré kan tí èèyàn 2 lè yọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ebi kì í dúró de ìpàdé oṣù. Bó bá jẹ́ owó ilé tàbí owó ìwòsàn, ẹ san án tààrà, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má yá ọmọ ìjọ lówó. Bí kò bá rí i san, kò ní wá sílé ìsìn mọ́. Ẹ pàdánù owó, ẹ tún pàdánù ará. Ohun tágbára yín bá ká, ẹ fi tọrẹ.

Ẹ má pe ẹnikẹ́ni síwájú ìjọ láti wá gba ẹ̀bùn, ká má tiẹ̀ wá sọ ti fọ́tò. Nínú ìròyìn fún ìjọ, "ìdílé 4 la ràn lọ́wọ́" ti tó. Aṣọ tẹ́ ò lè fún ọmọ ìyá yín, ẹ má kó o wá.

Ẹni tó bá tún wá lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wádìí gbòǹgbò ọ̀ràn: ṣé gbèsè ni, àbí iṣẹ́ tó bọ́? Àwọn kan máa ń fi 2 Tẹsalóníkà 3:10 lé irú wọn, àmọ́ ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni ẹsẹ yẹn ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó wáṣẹ́ tì.

Kí sáà ìgbìmọ̀ jẹ́ ọdún kan, kó má bàa sú wọn. Kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ sì jọ ṣèbẹ̀wò fún oṣù kan kí ìwé tó pààrọ̀ ọwọ́, torí ìyá àgbà tó ti mọ ohùn ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà kì í tètè tú ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ojú tuntun.