Ṣé kó fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ ni?

Ilẹ̀ ti ṣú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìròyìn tí edítọ̀ ń retí ránṣẹ́ ni, ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ mi ò fẹ́ sùn láìkọ ọ̀rọ̀ kíláàsì ìtàn kíkọ tí mo kọ́ lónìí sílẹ̀.

Ìtàn tí ọmọ kíláàsì mi kan kọ la jọ kà. Àṣà tó tàn kálẹ̀ láti Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìtàn kíkọ sílẹ̀ lọ́dún 1936, ni pé ẹni tó kọ̀tàn á dákẹ́, àwọn tó kù á máa sọ tẹnu wọn. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn, bí akọ̀ròyìn ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni mo ṣe máa ń bi ẹni tó kọ ọ́ ní ìbéèrè. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé ìyá kan jókòó ní ọsibítù, inú ẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Mo ní kí lọwọ́ ìyá náà ń ṣe? Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ló bá ní ìwé pélébé tí dókítà kọ oògùn sí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a, títí ìwé náà fi fẹ́ẹ̀ ya láàárín. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo ní ibo lo ti rí i? Ó ní ibi tí wọ́n rán òun lọ kọ ìròyìn ni, ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ òun, òun ò kàn rò pé ó wúlò fún ìtàn ni.

Ọmọ yìí kan náà ló wá dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì o, ó ní "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ ni, kí n lè gbájú mọ́ ìtàn? Tí n bá fi máa délé, kò sọ́rọ̀ kankan nínú mi mọ́."

Mo sọ̀rọ̀ Gabriel García Márquez, òǹkọ̀wé ìtàn yẹn, fún un. Kó tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ lọ́dún 1982, akọ̀ròyìn ni ní Kòlóńbíà, lọ́dún 1955 ló jókòó ti Luis Alejandro Velasco, atukọ̀ tó já sómi látinú ọkọ̀ ogun, tó lo ọjọ́ mẹ́wàá lórí òkun. Ogún ọjọ́ ni wọ́n fi jọ sọ̀rọ̀, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó ń bi í síwá ó ń bi í sẹ́yìn, bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀ á takora. Ìjọba ti ní ìjì ló fà á. Àfìgbà tó ní kí ọkùnrin náà ṣàlàyé ìjì ọ̀hún, ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní kò síjì kankan! Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìfọṣọ tí kò yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ogun rárá ni wọ́n kó síta lórí ẹ̀, òun ló tú, tó sì da àwọn atukọ̀ sómi. Apá 14 ni ìwé ìròyìn El Espectador fi gbé e jáde. Mo ní ṣó o rí i, ẹni tó lè jókòó gbọ́rọ̀ lẹ́nu èèyàn báyẹn, kò ní wá nǹkan tì nínú ìtàn láé.

Àárẹ̀ tó ń sọ yẹn, òótọ́ ni ṣá. Nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mò ń ṣe, edítọ̀ á pè, yunifásítì á bèèrè máàkì, ìtàn nìkan ni ò lẹ́ni tó ń bi ẹ́ pé ibo lo bá a dé, o lè pa á tì fóṣù mẹ́ta kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ tèmi ní kùtùkùtù kí n tó tan fóònù rárá, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo wákàtí tó kù lọ. Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò, bó tiẹ̀ ṣe ojú ìwé kan ṣoṣo, kó sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìyá yẹn. Ó ní láti ọjọ́ Ajé.