Ẹ gba àkáǹtì rẹ́jísítà yín kúrò lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní December

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe sóṣíà wọ́kà ní England níbí, pàápàá àwa tí éjẹ́ǹtì mú wá láti ilé, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń gbóná lára mi, mi ò lè dúró kó tutù kí n tó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù September títí di ọjọ́ 30 oṣù November lọ́dọọdún la máa ń ṣe renewal, ìyẹn títún ìforúkọsílẹ̀ wa ṣe, lọ́dọ̀ Social Work England, àjọ tó ń tọ́jú rẹ́jísítà, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn sóṣíà wọ́kà tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní England. Fọ́ọ̀mù wà, owó wà, CPD náà wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tá a kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, méjì ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ bá ẹlòmíì jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn peer reflection. Ẹni tí ò bá ṣe renewal títí November fi parí, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀.

Éjẹ́ǹtì tó mú mi wá ló bá mi ṣe ìforúkọsílẹ̀ látìgbà tí mo ṣì wà nílé. Ímeèlì tiẹ̀ ló fi ṣí àkáǹtì mi lórí ìkànnì Social Work England, ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn kí ìwé má baà sọnù. Nígbà tí mo dé ibí mo béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn ní ẹni tó ń bójú tó renewal gbogbo wa, owó ẹ̀ wà nínú ohun tí mò ń san fún wọn lóṣooṣù. CPD mi méjèèjì, èmi ni mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí i ní September. Ní November mo tún bi í lórí WhatsApp pé "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bá wa ṣe renewal yẹn?" Ó ní "Àbúrò, ó ti wọlé, má da ara ẹ láàmú, gbájú mọ́ṣẹ́ ẹ." Mi ò tíì pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù mi. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ sọ pé mi ò bìkítà, kó jọ̀ọ́ kó ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

December wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo ti to gbogbo ìwé mi sílẹ̀ fún child protection conference, ìyẹn ìpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ọmọ, ti ọmọ kan tí mo ti ń bá ìdílé ẹ̀ bọ̀ tipẹ́, ni mánéjà mi bá pè mí wọ yàrá kékeré kan. Kò jókòó. Ó yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ́dọ̀ mi, rẹ́jísítà ló wà níbẹ̀, ó tẹ orúkọ mi lójú mi. Kò mú nǹkan kan wá. Ó tẹ nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ mi. Kò sí. Mo ní kó jẹ́ kí n fúnra mi tẹ̀ ẹ́, bóyá ó ṣi lẹ́tà kan, ẹ ṣáà mọ bí orúkọ wa ṣe máa ń dà wọ́n láàmú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo tẹ orúkọ bàbá mi ní ìlọ́po méjì, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Mò ń rí ẹnu ọ̀gá mi tó ń mì, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó wá ní kí n bọ́ káàdì ọrùn mi. "Social Worker" ni wọ́n kọ sára káàdì yẹn, òfin ibí sì ni pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú rẹ́jísítà ò gbọdọ̀ pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé èèyàn lọ kóòtù lórí ẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ń fìyà jẹ mí, inú òun náà bàjẹ́. Okùn káàdì náà há mọ́ yẹtí mi, òun ló bá mi tú u, ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Wọ́n gbé fáìlì ọmọ yẹn fún ẹlòmíì. Bí mo ṣe ń kó ẹrù mi lórí tábìlì, fóònù iṣẹ́ dún, ìyá ọmọ náà ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé e. Mò ń wò ó títí tó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó pẹ́ gan-an kó tó gbà kí n wọlé òun.

Ẹ tún wá fi ti físà kún un. Ẹ̀yin náà mọ̀, tí ibi iṣẹ́ bá fòpin sí sponsorship èèyàn, ìyẹn onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ṣe fún físà ẹ̀, ọjọ́ 60 ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, sábà máa ń fún un kó fi wá ibi iṣẹ́ míì tàbí kó kúrò nílùú. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo pe Social Work England, wọ́n bá mi yí ímeèlì, mo forúkọ sílẹ̀ padà, mo fi CPD mi sí i, mo sanwó lápò ara mi, orúkọ mi padà síbẹ̀. Ibi iṣẹ́ ò lé mi, wọ́n fún mi níṣẹ́ tí kò nílò rẹ́jísítà títí gbogbo ẹ̀ fi yanjú. Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Àkọ́kọ́, àkáǹtì yẹn, orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀, ímeèlì yín ni kó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì, kì í ṣe ti ọkọ, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́ pàápàá, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ ni wọ́n á ti ímeèlì yẹn pa, gbogbo ìkìlọ̀ renewal á sì máa lọ síbi tójú yín ò dé. Gbogbo ìkìlọ̀ tèmi, ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì ló ń lọ.

Èkejì, ẹ wo rẹ́jísítà fúnra yín. Kò gba pásíwọ́ọ̀dù, gbogbo ayé ló lè wò ó, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Tẹ́nì kan bá ní òun ti bá yín ṣe renewal, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wọlé sínú àkáǹtì lọ wò ó. Ẹ rí i pé ti àkáǹtì náà la tún padà sí.

Ti CPD, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi wákàtí dẹ́rù bà yín, wọn kì í ka wákàtí. Kì í sì í ṣe sátífíkéètì ni wọ́n ń wá, ohun tẹ́ ẹ kọ́ àti bó ṣe yí ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ padà ni. Mo kọ ọ̀kan lórí ìwé tí mo kà nípa ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má dárúkọ ọmọ tàbí òbí kankan nínú ẹ̀ o. Ẹ tètè máa kọ ọ́, ẹ má dúró de November, ṣùgbọ́n èmi tètè kọ tèmi, àǹfààní wo ló ṣe fún mi, nígbà tí ẹni tí àkáǹtì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò fi sí i?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sinmi níṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ẹni tí ò bá ṣiṣẹ́ yìí fún ọdún 2 sí 5, ọjọ́ 30 ló máa fi tún ìmọ̀ ẹ̀ ṣe kó tó lè padà, tó bá ju ọdún 5 lọ, ọjọ́ 60 ni. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹnì kan ti ní kí n má kọ èyí, pé mò ń tú àṣírí ọmọ Yorùbá síta. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwa tí éjẹ́ǹtì yẹn mú wá pọ̀, àwọn kan ò sì tíì mọ̀ pé ímeèlì tiwọn kọ́ ló wà lórí àkáǹtì wọn.

Tí àkáǹtì yín bá ṣì wà lọ́wọ́ irú wọn, ẹ má wulẹ̀ bá a jà, ẹ pe Social Work England fúnra yín lónìí, kí páàsípọ́ọ̀tù àti nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ wà nítòsí tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì yẹ nọ́mbà fóònù wò, torí nínú tèmi, nọ́mbà éjẹ́ǹtì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tá a ti yí ímeèlì.